Rui Pinto: Hákà tó tú àṣírí owó Angola, ṣé ọ̀daràn ni àbí olùgbèjà ará ìlú?



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí àwọn hákà tó ń já wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn alágbára, kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà àjẹbánu tó fara pamọ́ síbẹ̀. Hacktivist ni wọ́n ń pè wọ́n.

Kì í ṣe àwọn ọmọ Yahoo ni mò ń sọ o. Owó ẹni ẹlẹ́ni ni ọmọ Yahoo ń wá. Àwọn tí mò ń sọ yìí ní ìwé ẹ̀rí làwọn ń wá, kí ará ìlú lè mọ ẹni tó ń kó owó wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó le. Bí ẹnì kan bá jí ìwé, tí ìwé náà sì fi hàn pé ẹlòmíràn ń kó owó ìlú jẹ, ṣé ká ti ẹni tó jí ìwé mọ́lé ni, àbí ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Owó epo ilẹ̀ Áfíríkà ló dá lé lórí.

Ta ni Rui Pinto?

Ọmọ orílẹ̀-èdè Portugal ni Rui Pinto. Ọdún 1988 ni wọ́n bí i. Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ló kọ́ ní yunifásítì ìlú Porto, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ojú òpó kan yọjú lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Football Leaks. Àdéhùn ìkọ̀kọ̀ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ń jáde síbẹ̀: iye tí wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù gan-an, iye tó wọ àpò aṣojú rẹ̀, àti orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ìpín nínú owó tí wọ́n bá tà á.

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀ nígbà náà. Ìlú Budapest ní Hungary ni Pinto jókòó sí, tó ń ṣe é.

Nígbà tó yá, ó kó ìwé tó tó mílíọ̀nù 70 fún ìwé ìròyìn Der Spiegel ní Jámánì. Der Spiegel náà pín in fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri Yúróòpù. Lára ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó orí Cristiano Ronaldo.

Lọ́jọ́ 22 oṣù Kíní ọdún 2019, Ronaldo lọ sílé ẹjọ́ ní Madrid, ó sì gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 euro lórí ẹ̀sùn pé kò san owó orí bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà ni ọlọ́pàá mú Pinto ní Budapest. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, wọ́n ti dá a padà sí Portugal, ó ti wà ní àhámọ́.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Báwo ni ìwé Angola ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn?

Ní ìparí ọdún 2018, kí ọlọ́pàá tó ká Pinto mọ́, ó ti fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà sí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ PPLAAF.

Ìlú Dakar ní Senegal, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2017. Agbẹjọ́rò ará Faransé kan, William Bourdon, ló dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti dáàbò bo àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn mìíràn tó bá tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ nílẹ̀ wa: wọ́n á wá agbẹjọ́rò fún wọn, wọ́n á sì wá ọ̀nà tí àṣírí náà yóò gbà dé etí aráyé láì jẹ́ pé ó pa ẹni tó tú u lára.

PPLAAF kò da ìwé náà sójú òpó kí ẹni tó bá fẹ́ máa kà á. Ó kó o fún ICIJ, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn aṣèwádìí lágbàáyé. Ìwé tó wà níbẹ̀ lé ní 715,000: lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, àdéhùn, ìwé owó, àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Àwọn oníròyìn tó lé ní 120 láti orílẹ̀-èdè 20 ló jókòó ti ìwé yìí. Wọ́n kà á, wọ́n fi wé àkọsílẹ̀ ìjọba, wọ́n lọ bá àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kíní ọdún 2020, wọ́n gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Luanda Leaks ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn agbẹjọ́rò Pinto kéde pé òun ni ìwé náà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀?

Ẹni tí ìwé náà dá lé lórí ni Isabel dos Santos. Ọmọ José Eduardo dos Santos ni, ẹni tó ṣe ààrẹ Angola fún ọdún 38, láti 1979 sí 2017. Lọ́dún 2013, ìwé ìròyìn Forbes kéde rẹ̀ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tí owó rẹ̀ wọ bílíọ̀nù dọ́là.

Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló sọ òun di olówó.

Ìwé náà fi hàn pé òun àti ọkọ rẹ̀, olóògbé Sindika Dokolo, ní ọwọ́ nínú ilé iṣẹ́ tó lé ní 400 ní orílẹ̀-èdè 41. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà níbi tí òfin ti gbà kí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ fi orúkọ pamọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Galp, ilé iṣẹ́ epo ní Portugal. Lọ́dún 2006, Sonangol, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Angola, ta ìpín nínú okòwò náà fún ilé iṣẹ́ tọkọtaya yìí. Ìdá 15 péré nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n san sílẹ̀. Èyí tó kù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 63 euro, Sonangol tó ta ọjà ló tún yá wọn. Nígbà tí àṣírí tú, ìpín náà ti ju mílíọ̀nù 750 euro lọ.

Ẹ bá mi rò ó wò. Bí ẹnì kan bá ta ilẹ̀ ẹbí fún ọmọ baálé, tó tún ti inú àpò ẹbí yá a lówó tó fi rà á, ta ló ra ilẹ̀ náà gan-an?

Ẹ tún wo ti Dubai. Lóṣù Kẹfà ọdún 2016, bàbá Isabel fi í ṣe olórí Sonangol. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2017, João Lourenço tó gbapò bàbá rẹ̀ yọ ọ́ nípò. Àwọn oníròyìn ní ìwé náà fi hàn pé lásìkò tó ń kúrò lórí àga, ó fọwọ́ sí owó tó tó mílíọ̀nù 58 dọ́là tó lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Dubai. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ náà, ẹni tó ń bójú tó okòwò rẹ̀ ló sì ń darí rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ gbọ́ tẹnu òun náà. Isabel ní iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ni owó náà wà fún, pé òun kò rú òfin kankan. Ó ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, pé ìjọba tuntun ló ń lépa òun, àti pé àwọn hákà ló jí ìwé ilé iṣẹ́ òun.

Àwọn tó gba Isabel nímọ̀ràn náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ ìṣirò owó àti agbaninímọ̀ràn tí orúkọ wọn ń dún lágbàáyé ló bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ìròyìn yìí fẹ́ jáde ni PwC ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé òun kò bá àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́.

Àwọn ará Areia Branca ńkọ́?

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù kì í ṣe àwọn tó ń ka ìwé báńkì.

Létí òkun ní Luanda, olú ìlú Angola, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Areia Branca. Apẹja pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2013, agbófinró lé wọn kúrò, wọ́n wó ilé wọn, torí pé wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà kún iṣẹ́ àtúntò etí òkun tí ilé iṣẹ́ Isabel lọ́wọ́ sí.

Nígbà tí àwọn oníròyìn wá wọn lọ, wọ́n bá ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ahéré tí wọ́n fi páànù kàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ńlá tí omi ìdọ̀tí ń gbà kọjá. Isabel ní iṣẹ́ tí òun ṣe kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé.

Bí ẹ bá ti gbé Makoko tàbí Maroko rí, mi ò nílò láti ṣàlàyé èyí fún yín.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Kí ìròyìn yìí tó jáde, ní ìparí ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ní Angola ti gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Isabel. Ìjọba ní ó jẹ ìlú ní owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Lẹ́yìn tí Luanda Leaks jáde, ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé.

Lóṣù Keje ọdún 2021, ìgbìmọ̀ onílàjà kan ní Netherlands ní títà tí wọ́n ta ìpín Galp kò bófin mu, pé kí wọ́n dá a padà fún Sonangol. Iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 500 dọ́là.

Lóṣù Kejìlá ọdún kan náà, Amẹ́ríkà ní Isabel kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ òun. Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga ní London gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 580 pọ́n-ùn. Lóṣù Kíní ọdún 2024, Angola fi ẹ̀sùn 12 kàn án. Lóṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fòfin dè é.

Ẹ̀sùn kì í ṣe ìdájọ́, ó sì ń jiyàn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: fún ogún ọdún, gbogbo Luanda ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́lẹ̀, nínú ọkọ̀ èrò àti nínú ọjà. Ìwé ẹ̀rí ni kò sí. Ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí jáde ni àwọn báńkì tó ń bá a rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

Hákà náà ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí.

Pinto lo ọdún kan àti díẹ̀ ní àhámọ́ kí wọ́n tó mú un kúrò lẹ́wọ̀n lọ sí àhámọ́ inú ilé lóṣù Kẹrin ọdún 2020. Lẹ́yìn náà ni àwọn agbófinró kan náà tó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣiṣẹ́, kó lè bá wọn ṣí àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tì. Wọ́n tún ní kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbà ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò fi ṣeré. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní Lisbon dá a lẹ́bi ẹ̀sùn mẹ́sàn-án. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún un, ṣùgbọ́n kò ní wọlé bí kò bá tún ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn yòókù ló ti bá òfin ìdáríjì lọ, èyí tí Portugal ṣe nítorí ìbẹ̀wò Póòpù Francis lọ́dún náà.

Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn mẹ́sàn-án náà ló yẹ ká dúró lé. Lọ́dún 2015, Pinto kọ̀wé pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sí Doyen, ilé iṣẹ́ kan tó ń náwó sórí agbábọ́ọ̀lù. Ó ní kí wọ́n san láàárín ẹgbẹ̀rún 500 sí mílíọ̀nù kan euro, bí wọn kò bá fẹ́ kí òun gbé ìwé wọn jáde. Wọn kò sanwó náà. Ilé ẹjọ́ ní ìgbìyànjú láti fi ìhàlẹ̀ gbowó ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹni mímọ́ ni Pinto kò sọ òótọ́. Ẹni tó bá ní olè lásán ni, òun náà kò sọ òótọ́. Ìwé tó mú jáde kì í ṣe ayédèrú, ọ̀nà tó gbà rí i sì lòdì sófin. Méjèèjì ló dúró.

Àwọn kan ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé wọ́n jí ìwé náà ni, ká dà á nù. Èmi ò gbà. Àwọn bàbá wa ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí. Wọn kò ní ká má bá adìẹ wí o. Ètò ni wọ́n tò.

Kì í ṣe gbogbo hákà ló ń tú àṣírí

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS ní Nàìjíríà, àwọn tó ń pe ara wọn ní Anonymous ní àwọn ti gbógun ti ìkànnì ìjọba. Wọ́n gba ojú òpó Twitter àjọ NBC, àjọ tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dùn.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ariwo náà, ìwé owó wo ló jáde? Àdéhùn wo? Ta ló dé ilé ẹjọ́ torí rẹ̀? Gbígba ojú òpó ìjọba fún wákàtí díẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn bá kọ nǹkan sára ògiri ààfin. Wọ́n á kùn ún lọ́la.

Ẹ fi wé ti Mexico. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ẹgbẹ́ hákà kan tó ń jẹ́ Guacamaya kó lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè náà. Ààrẹ ìgbà náà, Andrés Manuel López Obrador, jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni. Lára ohun tó jáde ni pé àwọn ọmọ ogun fúnra wọn mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń ta bọ́ǹbù àfọwọ́jù fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń ṣòwò oògùn olóró.

Ṣùgbọ́n àwọn Guacamaya kò da ìwé yẹn sójú ọ̀nà. Àwọn oníròyìn àti olùṣèwádìí ni wọ́n fún. Ìdí ni pé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹni tó ta ọlọ́pàá lólobó lè wà níbẹ̀. Bí ọ̀daràn bá rí i, ẹni náà kú nìyẹn.

Ohun tí mo ń fà yọ rèé. Ẹni tó jí ìwé kọ́ ló dá owó ìlú padà. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni: agbẹjọ́rò tó mọ òfin, oníròyìn tó yẹ̀ ẹ́ wò, adájọ́ tó ní ìgboyà. Bí àwọn yẹn kò bá sí, àṣírí á tú, ìlú á pariwo fún ọ̀sẹ̀ kan, olówó á sì máa jayé lọ.

Kí ló kàn wá?

Ní Nàìjíríà, òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, èyí tó jáde lọ́dún 2015, sọ pé ẹni tó bá já wọ kọ̀ǹpútà tí wọn kò fún un láṣẹ lé nítorí jìbìtì, tó sì rí àkọsílẹ̀ tó ṣe pàtàkì sí ààbò orílẹ̀-èdè, lè fẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura, tàbí kó san mílíọ̀nù márùn-ún náírà, tàbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ torí àti rí ìwé àṣírí ni, ó di ọdún méje. Òfin náà kò béèrè bóyá olè ni ẹni tó ni ìwé ọ̀hún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, mi ò ní kí ẹ lọ já ìlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni ìjọba. Lóṣù Kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà ṣe ètò kan pé ẹni tó bá ta ìjọba lólobó nípa owó ìlú tí wọ́n jí yóò gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí gbà padà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹnì kan ta EFCC lólobó, wọ́n sì bá mílíọ̀nù 43 dọ́là ó lé nínú ilé kan ní Ìkòyí. Kò sí hákà níbẹ̀. Ẹni tó rí nǹkan ló sọ̀rọ̀, torí pé ó gbà pé ìlẹ̀kùn wà tí òun lè kàn.

Ṣùgbọ́n ètò kì í ṣe òfin. Ọ̀gá tó bá fẹ́ lé akọ̀wé tó tú àṣírí kúrò níṣẹ́ kì í bẹ̀rù ètò. Ghana ti ṣe òfin tirẹ̀ láti ọdún 2006. Ohun tó yẹ kó wà ni òfin tó ní eyín: tó máa dáàbò bo akọ̀wé báńkì, ọ̀gá ìṣirò owó, awakọ̀ pàápàá, kí ẹni tó bá rí i tí wọ́n ń gbé owó ìlú lọ lè sọ ọ́, kó sì sùn nílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn bá tì pa, ojú fèrèsé ni èèyàn máa gbà wọlé. Bí ìjọba kò bá fẹ́ kí hákà máa fọ́ fèrèsé, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àwọn ará Areia Branca ṣì ń dúró de ọjọ́ tiwọn. Àwa náà ń dúró de tiwa.